Kíkan Àwòṣe Ọkọ̀ Ìgbòkun: Ẹ̀kọ́ Kan fún Àwa Tí Yóò Ṣe Olùkọ́



Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó rí ọkọ̀ kékeré tí ó wà lórí tábìlì ní ọjọ́ àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ wa, tí ẹ sì béèrè ìdí rẹ̀ tí a fi pákó bo ìdajì òkè rẹ̀ nìkan, tí ìdajì ìsàlẹ̀ sì wà ní ìhòòhò tí gbogbo egungun rẹ̀ hàn síta. Àwọn kan wí pé igi ni kò tó. Àwọn mìíràn wí pé ọ̀lẹ ni wá. Èmi tí a fi ṣe olórí àwa márùn-ún tí ó kan ọkọ̀ náà ni ó yẹ kí n sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀, nítorí láti ọwọ́ mi ni àṣìṣe náà ti wá. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé iṣẹ́ náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ lè rí ọ̀nà.

1. Ọkọ̀ tí a ṣe àwòṣe rẹ̀

Orúkọ ọkọ̀ náà ni Cutty Sark. Èdè àwọn ará Scotland ni; ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ kúkúrú. Ní ìlú Dumbarton ní ilẹ̀ Scotland ni a ti kàn án, a sì tì í sínú omi ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá, ọdún 1869. Irin ni egungun ìhà rẹ̀, pákó ni a sì fi bò ó. A kàn án kí ó lè máa yára kó ewé tíì láti ilẹ̀ Ṣáínà wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún péré ṣáájú ọjọ́ náà ni a ṣí ọ̀nà omi Súẹ́sì tí a gbẹ́. Àwọn ọkọ̀ elééfín gba ibẹ̀ kọjá ní ọ̀nà kúkúrú, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gba òwò tíì mọ́ àwọn ọkọ̀ ìgbòkun lọ́wọ́. Nígbà náà ni Cutty Sark yí sí òwò irun àgùntàn láti ilẹ̀ Ọsirélíà, níbẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ sì ti kàn jù. Lónìí ó wà ní Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Iná jó o ní ọdún 2007. A tún un ṣe, a sì tún ṣí i fún àwọn ènìyàn ní ọdún 2012.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun kò kan àwa. Ọkọ̀ ìgbòkun ni ó kó àwọn ènìyàn wa lọ sí oko ẹrú. Ní ọdún 1822, inú ọkọ̀ ìgbòkun àwọn Potogí ni a kó ọmọdékùnrin Àjàyí sí ní Èkó. Ọkọ̀ ìgbòkun àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì gbà á sílẹ̀, tí wọ́n mú un lọ sí Sàró, níbi tí ó ti di Crowther. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ìgbòkun yóò gbọ́ ìtàn wọ̀nyí ní ọ̀nà mìíràn.

2. Ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀

Inú àpótí kan ni àwòṣe náà ti wá: igi tí a ti gé sílẹ̀, òwú, ìṣó wẹ́wẹ́, àti ìwé tí a ya ètò rẹ̀ sí. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 72. Ìtumọ̀ èyí ni pé ínṣì 72 lára ọkọ̀ gidi di ínṣì 1 lára àwòṣe. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé ínṣì 72 ni ẹsẹ̀ bàtà 6, kí ọmọ fi 6 pín iye ẹsẹ̀ bàtà, ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ iye ínṣì. Fífẹ̀ Cutty Sark jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36. Ti àwòṣe jẹ́ ínṣì 6. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 212 àti ààbọ̀. Ti àwòṣe lé díẹ̀ ní ínṣì 35. Atukọ̀ tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 yóò di ènìyàn ínṣì 1.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí àwọn ọmọ máa ń ṣubú sí. Gbogbo ìgbòkun ọkọ̀ náà tó nǹkan bí 32,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Ọmọ tí ó bá fi 72 pín in yóò rí 444, èyí tí í ṣe aṣọ tí ó lè bo ilẹ̀ kíláàsì kan! Kí olùkọ́ fi hàn án pé òró ti dín kù lọ́nà 72, ìbú pẹ̀lú sì ti dín kù bẹ́ẹ̀. 72 lọ́nà 72 jẹ́ 5,184. Bí ó bá fi èyí pín in, yóò rí i pé aṣọ tí ó lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 6 ni a nílò.

3. Bí a ti ń kàn án

(i) Igi ìpìlẹ̀, èyí tí ó gùn láti iwájú ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀, ni àkọ́kọ́. Kí a tẹ́ ẹ sórí ohun tí ó tẹ́jú, kí a wò ó bóyá ó tọ́.

(ii) Lẹ́yìn náà ni a ó fi àwọn egungun ìhà há a lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù dúró ṣánṣán, kí a tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n.

(iii) Kí a fi sáńpépà fá etí àwọn egungun náà ní iwájú àti ní ìdí, kí pákó lè sùn lé wọn lórí láìsí àlàfo.

(iv) Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó kàn. Àárín ọkọ̀ tóbi ju iwájú rẹ̀ lọ, nítorí náà a kò lè lo pákó bí ó ti wà. Bí àpẹẹrẹ, bí ìhà kan bá jẹ́ ínṣì 5 ní àárín, tí pákó kan sì fẹ̀ ní ìdámẹ́rin ínṣì, pákó 20 ni yóò bò ó. Bí iwájú bá jẹ́ ínṣì 2 àti ààbọ̀, pákó 20 kan náà ni yóò wọ ibẹ̀. Nítorí náà kí a fá ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìdámẹ́jọ ínṣì.

(v) Kí a rẹ pákó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí a rọra tẹ̀ ẹ́, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó lẹ̀ ẹ́, nítorí igi tútù a máa wú, bí ó bá sì gbẹ, a súnkì.

(vi) Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù: bí a bá lẹ pákó kan sí ọ̀tún, kí a lẹ èkejì rẹ̀ sí òsì, láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Pákó tí a tẹ̀ ní agbára láti fa igi ìpìlẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.

(vii) Lẹ́yìn èyí ni òpó ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti okùn. Oríṣi okùn méjì ni ó wà: èyí tí ó di òpó mú tí kì í yẹ̀, àti èyí tí àwọn atukọ̀ ń fà láti yí ìgbòkun. Èyí tí ó di òpó mú ni kí a kọ́kọ́ so.

4. Àṣìṣe mi

Mo ka ìlànà kẹfà yìí, ṣùgbọ́n n kò pa á mọ́. Ọjọ́ àfihàn ń súnmọ́ tòsí. Mo rò pé bí a bá parí ìhà ọ̀tún ná, ọkàn wa yóò balẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi gbọ́ tèmi, a sì lẹ gbogbo pákó ìhà ọ̀tún láìfi ọwọ́ kan òsì. Nígbà tí mo na òwú láti iwájú dé ìdí ọkọ̀, mo rí i pé igi ìpìlẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ó sì kúrò lórí ìlà ní ààbọ̀ ínṣì. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ààbọ̀ ínṣì lára àwòṣe jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 lára ọkọ̀ gidi.

Ọ̀kan nínú wa dámọ̀ràn pé kí a fi lẹ́ẹ̀ dí i, kí a sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ta ni yóò mọ̀? Kí n má purọ́, ìmọ̀ràn náà dùn mọ́ mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọmọ kékeré kan láti ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ wá wo ọkọ̀ náà. Ó dojúbolẹ̀, ó fi ojú kan wò ó láti ẹ̀yìn, ó sì wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé yóò lè lọ tààrà lórí omi?” N kò rí èsì fún un.

Mo lọ bá olùkọ́ wa tí ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ọwọ́, mo sì jẹ́wọ́. Kò bá mi wí. Ìtàn ni ó sọ fún mi. Ní ọdún 1872, Cutty Sark àti ọkọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Thermopylae jọ kó tíì, wọ́n sì ń bá ara wọn sáré bọ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Cutty Sark ni ó wà níwájú kí ìjì tó já ìtọ́kọ̀ rẹ̀ sínú òkun. Àwọn atukọ̀ náà dá iná sínú ọkọ̀ lórí alagbalúgbú omi, wọ́n rọ irin, wọ́n gbẹ́ igi, wọ́n sì ṣe ìtọ́kọ̀ mìíràn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ekejì rẹ̀ ni ó gúnlẹ̀. “Wọ́n pẹ́,” ni olùkọ́ wa wí, “ṣùgbọ́n wọ́n dé.”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a fi aṣọ tí a rẹ sínú omi gbígbóná rọ gọ́ọ̀mù, a sì ṣí pákó náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ ṣẹ́. A tún igi ìpìlẹ̀ nà, a dè é mọ́ pákó títẹ́jú, a sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè: ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Ìdajì ni a bá dé ọjọ́ àfihàn.

5. Ohun tí mo rí kọ́

Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn ọmọ kò fẹ́ kúrò nídìí ọkọ̀ aláìparí náà. Wọ́n ń ka egungun rẹ̀, wọ́n ń fi ìka tọ ọ̀nà tí pákó gbà yí. Bí a bá ti fi ọ̀dà bò ó, òde rẹ̀ nìkan ni wọn ìbá rí.

Àwọn àgbà wa wí pé, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó fún olúkúlùkù wa ní kíláàsì tirẹ̀, ọjọ́ ìdánwò yóò sì máa lé wa bí ọjọ́ àfihàn ti lé mi. Kí a má ṣe torí rẹ̀ kọ́ ìhà kan ọmọ kí a fi ìhà kejì sílẹ̀. Bí a bá sì ṣe àṣìṣe, kí a ṣí i kúrò nígbà tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì le.

Ọkọ̀ náà ṣì wà nínú yàrá iṣẹ́ ọwọ́. Pákó mẹ́rìnlá ni ó kù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kí ó mú sùúrù àti ọ̀bẹ mímú wá.