Ilé Là Á Wò Kí A Tó Ra Ańpù

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó bímọ, ó sì kan ẹni tó fẹ́ ra ańpù àti pẹ́dàlì gìtá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá ládùúgbò wa, láti Igbó-Elérin dé Ìba, ojú ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n ti rí i lọ́wọ́ onígìtá ńlá kan lórí YouTube, wọ́n ti gbọ́ bó ṣe ń dún, ọkàn wọn ti lọ. Wọn kì í wo ilé tí wọ́n fẹ́ gbé e wọ̀. Ilé yẹn ni mo fẹ́ ká jọ wò dáadáa, nítorí owó tí ọ̀dọ́ fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ kò yẹ kó di àpótí ìjókòó ní igun yàrá.

Yàrá kan ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ń gbé ní Igbó-Elérin, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàrin wọn àti ẹni tó kángun sí wọn. Bàbá onílé wà nínú ọgbà kan náà, ìyá ọlọ́mọ tuntun wà ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iná ń wá, iná ń lọ. Bó bá di ọjọ́ ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì ni: wọ́n ní míkísà, wọ́n ní sípíkà ńlá méjì, wọ́n ní jẹ́nẹ́rétọ̀. Ọjọ́ Sátidé lè jẹ́ òde ìgbéyàwó, níbi tí wọ́n ti yá gbogbo ẹ̀rọ orin lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láti ibì kan dé èkejì, kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí dánfó ni yóò gbé onígìtá, ẹrù rẹ̀ á sì wà lórí itan rẹ̀.

Níbo nínú gbogbo ibi wọ̀nyí wá ni ańpù ńlá ti fẹ́ ṣiṣẹ́? Nínú yàrá, ẹjọ́ ni yóò dá sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tó lè gbé ohùn gìtá jáde ti wà níbẹ̀ kí onígìtá tó dé. Nínú dánfó, owó ìjókòó ẹnìkejì ni wọ́n máa gbà lórí rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra méjèèjì pé kó kọ́kọ́ ra pẹ́dàlì multi-effects tó dáa, ìyẹn èyí tó kó oríṣiríṣi èfẹ́ẹ̀tì tó ń yí ohùn gìtá padà sójú kan, kó fi ańpù sílẹ̀ di ìgbà tọ́wọ́ bá tún tẹ̀lé e. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ gìtá nílẹ̀ òkèèrè ń sọ òdìkejì: ańpù ṣáájú, pẹ́dàlì lẹ́yìn. Ìmọ̀ràn wọn dára fún ẹni tí iná kì í lọ nílé rẹ̀, tó sì ní ọkọ̀ tí yóò máa fi gbé e kiri.

Ańpù ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń fojú di í. Nígbà tí Túndé King ń kọ orin jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ẹgbẹ́ kékeré ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohùn okùn àti ohùn sẹ̀kẹ̀rẹ̀ lè gbọ́ ara wọn láìsí ẹ̀rọ. Nígbà tó di nǹkan bí 1949 ni Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú mìíràn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gbé ohùn gìtá sókè. Sáà yẹn náà ni ìlù gángan ń wọ inú orin jùjú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń pọ̀ sí i. Bí kì í bá ṣe ẹ̀rọ, ìlù ì bá ti bo gìtá mọ́lẹ̀ pátápátá. Kí gìtá lè bá ìlù dọ́gba ni ańpù ṣe wọ orin wa. Ní òde òní, míkísà àti sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ṣe, pẹ́dàlì ló sì mọ bí a ṣe ń bá míkísà sọ̀rọ̀.

Bí a bá so gìtá mọ́ míkísà tààrà, ohùn rẹ̀ máa ń gbẹ, ó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí iná tí gìtá ń gbé jáde àti èyí tí ihò míkísà ń retí kò bára mu, àti nítorí pé sípíkà ańpù gìtá máa ń gé ohùn òkè tó ń ta létí dànù, sípíkà míkísà kì í sì í gé e. Pẹ́dàlì multi-effects ló ń tún èyí ṣe. Nínú rẹ̀, a rí àwòṣe oríṣiríṣi ańpù, a rí àwòṣe àpótí sípíkà, a rí chorus, delay, reverb, compressor, a rí ohun tí a fi ń yí okùn sí ohùn tó yẹ, a sì rí ihò héèdífóònù. Ẹ wo Zoom G1X Four, tó jáde ní 2019. Ó lè lo èfẹ́ẹ̀tì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní ìlù 68 tí a lè máa fi dánra wò, ó lè gba ohun tí a ta sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kó sì máa tún un ta padà fún wa, bátìrì AA mẹ́rin sì tó o. Boss GT-1, tó jáde ní 2016, náà ń lo bátìrì AA mẹ́rin. Ẹni tó ń gbé Igbó-Elérin mọ ìtumọ̀ ìyẹn: iná lè lọ láago mẹ́jọ alẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ ki héèdífóònù bọ etí, kó sì ta gìtá títí di ọ̀gànjọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kanlẹ̀kùn.

Ohun kan wà tó ń ba pẹ́dàlì jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí kò sì jẹ́ ẹ̀bi pẹ́dàlì rárá. Àwòṣe àpótí sípíkà tí mo mẹ́nu bà yẹn, tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ bíi CAB, gbọ́dọ̀ wà ní títàn bí a bá ń lọ sí míkísà tàbí héèdífóònù. Bí ó bá jẹ́ iwájú ańpù gìtá la fẹ́ so ó mọ́, ká pa á, ká sì pa àwòṣe ańpù pẹ̀lú, torí ańpù gidi àti sípíkà gidi ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tan àwọn àwòṣe yìí níwájú ańpù gìtá yóò gbọ́ ohùn tó dì, tó ṣú, bíi pé wọ́n fi aṣọ bo sípíkà. Ẹni tó pa CAB níwájú míkísà yóò gbọ́ ohùn tó ń yún ni létí. Ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì tí wọ́n ń tà ní gbàǹjo ládùúgbò yìí, kò sí ohun tó ṣe wọ́n ju èyí lọ.

Ohun tó wù mí kò wù ọ́ ló ń mú ọmọ ìyá méjì jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lohùn gìtá rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo orin tí à ń kọ níhìn-ín. Jùjú, highlife, afrobeat, orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì: ohùn tó mọ́ gaara ni gbogbo wọn fẹ́. Nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, gìtá púpọ̀ ló máa ń jọ dún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlà tirẹ̀, tí gìtá pedal steel tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta nígbà kan sì máa ń ṣàn kọjá lórí wọn. Bí ẹnì kan nínú wọn bá fi ohùn tó ń ya bo ilẹ̀, a ò ní gbọ́ ohun tí àwọn yòókù ń wí. Nítorí náà, bí ọlọ́jà bá ń sọ pé ẹ̀rọ òun ní igba èfẹ́ẹ̀tì, kí onígìtá bi í pé: ohùn mímọ́ rẹ̀ ńkọ́? Kó pa gbogbo èfẹ́ẹ̀tì, kó ta kọ́ọ̀dù kan jẹ́jẹ́, kó tẹ́tí. Compressor tó dáa, chorus tí kò pọ̀ jù, delay díẹ̀, reverb díẹ̀: ohun tí yóò gbé onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì la ọdún já nìyẹn. Wah, tí a máa ń fi ẹsẹ̀ darí, wúlò pẹ̀lú, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ràn pẹ́dàlì tó ní ibi ìtẹ̀sẹ̀.

Bí owó ańpù bá wá dé, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wáàtì máa ń tan ni jẹ. Ańpù 40 wáàtì kì í dún ní ìlọ́po méjì 20 wáàtì. Ó kàn fi díẹ̀ lé e ni. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, agbára ẹ̀rọ ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Bí sípíkà ṣe tóbi tó náà ṣe pàtàkì. Ańpù tí sípíkà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 8, bíi Fender Champion 20, ti tó yàrá, ó ti tó ẹ̀kọ́, ó ti tó ìpàdé àdúrà kékeré. Níbi tí wọ́n bá ti ń lu dúrọ́ọ̀mù, ohun tí mo máa ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ ni 50 wáàtì pẹ̀lú sípíkà íǹṣì 12. Boss Katana 50 wà lára irú ìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé a lè rẹ agbára rẹ̀ sílẹ̀ dé ìdajì wáàtì nígbà tí bàbá onílé bá wà nílé. Ańpù oní-fáàfù ni mo máa ń gba ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n nímọ̀ràn pé kó jìnnà sí: ó wúwo, fáàfù rẹ̀ ń gbó, ó sì wọ́n láti rọ́pò. Ẹni tó bá sì rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáàtì PMPO lára páálí sípíkà kékeré, kó má ṣe kà á sí. RMS ni nọ́ńbà tí a lè gbára lé.

Ọjà wá ńkọ́? Olúwa ti fi ọjà Àlàbá International sí ẹsẹ̀ ilé wa ní Ọ̀jọ́. Àwọn ènìyàn ń ti ìlú mìíràn wá ra ẹ̀rọ níbẹ̀, àwa tó wà ní Okokomaiko kàn lè wọ kẹ̀kẹ́ débẹ̀. Kí a lo àǹfààní yẹn: kí a lọ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí owó wà nílé, kí a kàn wò, kí a bèèrè iye láti ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn. Lọ́jọ́ kejì, kí a gbé gìtá tiwa àti kébù tiwa dání, torí gìtá ọlọ́jà lè ní okùn tuntun tó ń mú kí gbogbo ẹ̀rọ dùn.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a má jẹ́ kí ọ̀gá ọlọ́jà kán wa lójú. Ká yí gbogbo bọ́tìnnì ańpù láti ìsàlẹ̀ dókè ká gbọ́ bóyá ó ń họ. Ká gbé ohùn rẹ̀ sókè láìta nǹkan kan, ká gbọ́ bí ariwo abẹ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ká ta okùn tó nípọn jù lọ kíkankíkan, ká gbọ́ bóyá sípíkà ń gbọ̀n. Ká mi ojú ihò kébù díẹ̀. Lórí pẹ́dàlì, ká tẹ gbogbo bọ́tìnnì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ká sì gbé ìtẹ̀sẹ̀ sókè sódò pẹ̀lú wah ní títàn. Bí ọ̀rẹ́ kan bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, kó bá wa lọ: ojúlówó Boss ń bá Tone Studio sọ̀rọ̀, ojúlówó Zoom ń bá Guitar Lab sọ̀rọ̀. Ayédèrú sábà máa ń dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka iye fóòtì (volt) tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ tòkunbọ̀. Iná wa jẹ́ 230 fóòtì. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Ańpù Amẹ́ríkà tí a bá kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa láìsí tránsífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ lè jó lójú ẹsẹ̀. Owó tránsífọ́mà yẹn ni ká kọ́kọ́ ṣírò mọ́ iye tí wọ́n pè é, kí a tó pariwo pé ó pọ́kú. Ti pẹ́dàlì, adápítọ̀ rẹ̀ ni: fóòtì 9 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, àmì ìyọkúrò (−) sì wà láàrin ẹnu rẹ̀, òdì sí ọ̀pọ̀ adápítọ̀ tó wà nínú ilé. Àwòrán kékeré kan wà lára pẹ́dàlì àti lára adápítọ̀ tó ń fi èyí hàn. Bí àwòrán méjèèjì kò bá bára mu, kí a má kì í bọ̀ ọ́.

Agbára iná jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré máa ń lọ sókè sódò, pàápàá nígbà tí epo bá ń tán lọ. Kí a pa ańpù kí wọ́n tó pa jẹ́nẹ́rétọ̀, kí a sì dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé bá kígbe “Up NEPA!” pé iná ti dé, kí a tó tún un tàn. Ohun tó tún kan ẹ̀mí ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé irin kẹta orí púlọ́ọ̀gì ańpù kúrò nítorí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méjì ló wà nílé. Irin yẹn ló ń gbé iná tó ṣìnà wọ ilẹ̀. Onígìtá tó di okùn irin mú, tí ètè rẹ̀ sì kan máìkì, ara rẹ̀ ni iná yóò gbà kọjá bí kò bá rí ilẹ̀ wọ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀ ti gba ẹ̀mí olórin láwọn ibi púpọ̀ láyé.

Nínú owó tí a mú lọ sọ́jà, kí ìdá kan nínú mẹ́wàá wà fún kébù tó dáa, adápítọ̀ tó bára mu àti báàgì. Kí a gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù wà lórí rẹ̀, kí ọlọ́jà sì fọwọ́ kọ iye ọjọ́ tí a lè fi dá a padà. Bí a bá dé ilé, kí a fi àwọn ohùn tí wọ́n ṣe láti ilé iṣẹ́ sílẹ̀, torí inú yàrá àti héèdífóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń dùn jù, kí a ṣe mẹ́ta péré fúnra wa: ohùn mímọ́, ohùn tó ní chorus àti delay, àti ohùn fún ìgbà tí gìtá bá ń dá ta (solo), tó ga ju méjì yòókù lọ díẹ̀. Kí a gbé wọn lọ sí ìdánrawò ọjọ́ Sátidé, kí a bẹ ẹni tó ń bójú tó míkísà kó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kó máa sọ èyí tó ń sọnù àti èyí tó ń bo àwọn akọrin, kí a máa tún un ṣe lójú rẹ̀ títí yóò fi gbà pé ó dọ́gba.