Ka Ìkìlọ̀ Náà Ná
Ọmọ mi, bí o bá tẹ «sudo apt update» lórí Ubuntu, tí ìkìlọ̀ ń ya wọlé, má fi ìkánjú tẹ àṣẹ tí o kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kà á ná.

Bó bá ní «not valid yet», wo aago kọ̀ǹpútà rẹ. Bí bátìrì kékeré inú rẹ̀ bá ti kú, ọdún àtijọ́ ni yóò máa kà. (Íntánẹ́ẹ̀tì ni èmi bú ní tèmi, odindi ìrọ̀lẹ́ kan!) «Configured multiple times» kò le: o kọ orísun kan náà, ìyẹn ibi tí apt ti ń kó ẹrù wá, lẹ́ẹ̀mejì ni.

«NO_PUBKEY» ni kí o fara balẹ̀ fún. Kọ́kọ́rọ́ tí apt fi ń mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó ni ẹrù ni ẹrù náà ti wá ni kò sí. Ọ̀dọ̀ olórísun gan-an ni kí o ti gbà á. Má tìtorí kí ariwo lè dákẹ́ kọ «trusted=yes»; bí o kò bá lo orísun náà mọ́, yọ ọ́ kúrò.