Ajá Tó Ń Gbọ̀n àti Ìkókó Tó Ń Bọ̀ Lọ́nà

Dókítà, oyún mi ti wọ oṣù keje, ọmọ àkọ́kọ́ ni. A ní ajá Lhasa kékeré kan tí ọkọ mi ti rà kí a tó ṣe ìgbéyàwó. Ẹ̀rù máa ń bà á jù. Bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, abẹ́ àga ló ń sá sí. Bí àlejò bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, á máa gbọ̀n. Ìyá ọkọ mi ní òun kò ní wá wẹ ọmọ nínú ilé tí ajá bá wà, àfi kí a gbé e fún ẹlòmíràn kí n tó bímọ. Ọkọ mi kò gbà. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá tó ń retí, Ìbàdàn

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, láṣẹ Èdùmàrè. Màmá ọkọ yín kò jẹ̀bi. Ìkókó kò lè sá, kò lè fi ọwọ́ bo ojú ara rẹ̀, orí rẹ̀ sì rọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í ni pé ajá ńlá là ń bẹ̀rù, a sì ń fojú eré wo ajá kékeré. Ajá tí ẹ̀rù ń bà ló yẹ kí a máa ṣọ́ jù, kékeré ni o, ńlá ni o, nítorí ajá tó bá rí i pé kò sí ibi tí òun lè sá sí mọ́ ló sábà máa ń gé ènìyàn jẹ. Iṣẹ́ yín ni pé kí ẹ̀rù ajá yín dín kù kí ọmọ tó dé, kó sì ní ibi ìsádi lẹ́yìn tí ọmọ bá dé. Oṣù méjì tó kù tó, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí yín. Ẹ wo káàdì rẹ̀ bóyá ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ti kọjá, nítorí ọdọọdún ló yẹ kí wọ́n máa tún un gún. Kí wọ́n fún un ní oògùn aràn, kí wọ́n yọ eégbọn ara rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ etí àti eyín rẹ̀ wò. Ajá tí nǹkan ń dùn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, àwa a sì máa pè é ní ojo. Ẹyin irú aràn kan nínú ajá ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì ń lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀ kó tó lè ran ènìyàn, nítorí náà kí ọkọ yín máa kó ìgbẹ́ ajá kúrò nínú ọgbà lójoojúmọ́. Láyé àtijọ́, a máa ń pe ajá kó wá jẹ ìgbẹ́ ọmọ nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ìyẹn má wáyé nínú ilé yín. Inú garawa tó ní ìdérí ni kí ìlédìí tó ti dọ̀tí máa wà.

Ohùn ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Nígbà tí màmá bá ń wẹ ọmọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tó ń fi òróró nà án lápá lẹ́sẹ̀, ọmọ yóò ké, gbogbo ilé yóò sì gbọ́. Ajá tó ń sá fún jẹnẹrétọ̀ kò ní mọ ohun tí igbe yẹn jẹ́. Ẹ wá ohùn ìkókó tó ń sunkún sórí fóònù. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ débi pé etí ajá nìkan ni yóò mì, kí ẹ sì máa já ẹja tàbí ẹran fún un díẹ̀díẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ohùn náà bá ń dún. Bí ohùn bá dákẹ́, ẹran tán. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ti ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀ sí i. Bí ó bá sá lọ sábẹ́ àga, ẹ ti yára jù nìyẹn. Ẹ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má fà á jáde, ẹ má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn pé kó lè mọ́ ọn lára. Ńṣe ni ẹ̀rù rẹ̀ yóò máa le sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra bèbí ìṣeré kan. Ẹ fi àtíkè àti ọṣẹ tí ẹ ó máa lò fún ọmọ pa á lára, kí ẹ sì máa fi ọ̀já pọ̀n ọ́n rìn nínú ilé. Mo tẹnu mọ́ ọ̀já nítorí pé bí ẹ bá pọn ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa fì lẹ́yìn yín, bí ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀, ajá lè débẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí i. Kí ó mọ̀ láti ìsinsìnyí pé bí ẹ bá ti so ọ̀já, jíjókòó ni tòun, ẹran díẹ̀ sì ni èrè rẹ̀. Bákan náà ni orí ẹní: ọmọ tó wà lórí ẹní, iwájú ẹnu ajá gan-an ló wà. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ajá máa wọ yàrá tí ọmọ yóò máa sùn sí, òní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé e, kó má baà jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ dé gan-an ni ilé yóò yí padà mọ́ ọn lórí. Ẹni tí yóò máa fún un lóúnjẹ lẹ́yìn ìbímọ, kó gba iṣẹ́ náà báyìí. Kí ẹ sì ṣe ibi kan fún un, bó jẹ́ páálí ńlá tí aṣọ wà nínú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní bá a dé.

Nígbà tí ẹ bá bímọ tán, kí ọkọ yín mú aṣọ tí ọmọ ti wọ̀ wálé, kí ajá gbóòórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ wálé, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ wọlé láìgbé ọmọ dání, kí ẹ kí ajá, kí ara rẹ̀ balẹ̀. Kí ẹlòmíràn wá gbé ọmọ wọlé, kí ajá wà lórí okùn lọ́nà jíjìn díẹ̀. Ẹ má gbé ọmọ sún mọ́ imú rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ wá wò ó, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ tí ẹ ó sọ ọmọ lórúkọ ńkọ́? Àwọn àlejò, ìlù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, egungun ẹran nílẹ̀, àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri. Ẹ má fi ajá yín sáàárín irú èrò bẹ́ẹ̀. Kó lọ sùn nílé ọ̀rẹ́ tó mọ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ má fún un ní oògùn oorun ènìyàn. Oògùn wa lè pa ajá.

Bí ó bá ń kùn mọ́ ọmọ, ẹ má lù ú. Kíkùn ni ọ̀nà tó fi ń sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ti ń kọjá agbára òun, ajá tí wọ́n bá sì ti lù nítorí kíkùn yóò kọ́ láti gé ènìyàn jẹ láìkùn rárá. Ẹ gbé ọmọ kúrò, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ajá, kí ẹ sì ronú sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Kó tó kùn pàápàá, yóò ti máa lá ètè, yóò ti máa yán láìsí oorun, yóò ti yí orí kúrò, funfun ojú rẹ̀ yóò sì hàn. Gbogbo ará ilé ló yẹ kó mọ àmì wọ̀nyí, títí kan màmá.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín fúnra rẹ̀ bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kí ó fi káàdì abẹ́rẹ́ hàn wọ́n, kí ó sì ṣèlérí pé ilẹ̀kùn yóò wà láàárín ajá àti ọmọ nígbàkígbà tí àgbàlagbà kan kò bá fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ wọn. Ìlérí yẹn, kí ẹ mú un ṣẹ láìsí pé “mo kàn fẹ́ yára lọ síbi ìdáná ni.” Ṣùgbọ́n bí ajá yìí bá ti gé ènìyàn jẹ rí, tàbí tó ń wo ọmọ láìṣẹ́jú tí ara rẹ̀ sì le gbagidi, dókítà ẹranko ni kí ẹ ké sí. Bí òun náà bá ní kó lọ síbòmíràn, ẹ gbà, kì í ṣe ìwà ìkà.

Dókítà, ọmọ wa ti pé oṣù mẹ́jọ, ó ti ń rákò. Ó di ìrù ajá wa mú, ajá sì fi eyín ha á lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀. Ìyá mi fi epo pupa pa á. Ajá náà gba abẹ́rẹ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ṣé dandan ni kí a lọ sí ilé ìwòsàn?
Bàbá ọmọ, Ìkòròdú

Mo ti pe bàbá yìí lórí fóònù, nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí kì í dúró de ìwé ìròyìn. Ohun tí mo sọ fún un rèé. Dandan ni, lónìí yìí. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, bí ọjọ́ tiẹ̀ ti kọjá. Ẹ má fi epo, ata tàbí irun ajá sí i mọ́. Abẹ́rẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn ti kọjá àkókò rẹ̀. Bí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí a bá tètè gún ń dí i lọ́nà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí ẹran tí a fura sí pé ó ní dìgbòlugi bá gé jẹ, 40 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Abẹ́rẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ. Ẹ gbà á pé, kí ẹ má sì fo ọjọ́ kankan.

Ẹ so ajá náà síbi tí ẹ ó ti máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, kí dókítà ẹranko wá wò ó. Ẹ má pa á, ẹ má sì lé e lọ. Bí ó bá ṣàìsàn tàbí tó kú láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ sọ fún ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ kẹwàá kí ẹ tó gbé ọmọ lọ. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ àti ti ajá dání.