Àpótí Ìmọ̀: Kí Ojú Rí, Kí Etí Gbọ́

Láyé tí Hubert Ogunde, ọmọ Ìjẹ̀bú, dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀ ní 1945, bébà ara ògiri àti ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn káàkiri ìlú ni àwọn eléré alárìnkiri fi ń pe èrò. Fóònù ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì fún ẹni tó ń tajà lónìí.

Ẹ wo ẹni tó ń yan gààrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó fẹ́ tà á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè. Fọ́tò á fi àwọ̀ gààrí hàn, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé ó kan, kò sì lè jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe gbẹ tó. Fídíò kékeré lè ṣe é: gààrí tó ń dún ṣáá nínú agbada, omi tútù tí a bù sí i nínú abọ́, àti ohùn ẹni tó yan án gan-an, tó ń sọ iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rírìn fi wà nínú àpò kó tó kan. Lójú tèmi, ohùn yẹn tajà ju orin èyíkéyìí tí a lè fi sí i lọ.

Bákan náà ni fún ẹni tó ń ta ẹja ní etí omi Ògùn Waterside: nínú fídíò, ẹja tó ṣì ń jà nínú àwọ̀n ti jẹ́rìí ara rẹ̀.

Fídíò gígùn ń jẹ dátà oníbàárà, ẹ gé e kúrú. Wákàtí 24 péré ni ohun tí a gbé sí Status WhatsApp ń lò níbẹ̀. Ẹ kọ iye owó, àdúgbò àti nọ́ńbà sójú fídíò náà, kí ẹni tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sí lè mọ ẹni tó máa pè.