Aṣáájú Níbi Iṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Rẹ̀

Bíbélì Kíkà: 1 Ọba 12:1-20, Òwe 18:13, Jákọ́bù 1:19

Kókó Ẹ̀kọ́: Ẹni tí yóò darí ènìyàn níbi òwò tàbí níbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àti bí a ti ń sọ ọ́.

 

Ọlọ́run ti ṣe ohun ńlá láàrin wa ní Manchester yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó dé síhìn-ín gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ni ó ti di ẹni tí ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ báyìí. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, àwọn kan ń dirun, àwọn kan ní ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, àwọn mìíràn sì jẹ́ mánéjà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. A máa ń gbàdúrà fún oníbàárà, a sì máa ń gbàdúrà fún owó. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ ẹni tí ń bẹ Olúwa pé kí ó kọ́ òun bí òun yóò ti máa bá àwọn tí ó wà lábẹ́ òun sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni òwò púpọ̀ sì ti ń bàjẹ́.

1. Rèhóbóámù: Ọba tí kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ru ẹrù

Nígbà tí Sólómọ́nì kú, gbogbo Ísírẹ́lì péjọ sí Ṣékémù láti fi Rèhóbóámù ọmọ rẹ̀ jọba. Wọn kò mú idà wá. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n mú wá: àjàgà tí bàbá rẹ̀ gbé kọ́ wọn lọ́rùn wúwo jù, kí ó jọ̀wọ́ mú un fúyẹ́, wọn yóò sì máa sìn ín. Ọba náà kọ́kọ́ ṣe ohun tí ó dára, ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn àgbà tí wọ́n ti bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbà á níyànjú pé kí ó fi ohùn rere dá àwọn ènìyàn náà lóhùn. Ìyẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó lọ bá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ dàgbà, àwọn wọ̀nyí sì sọ ohun tí etí rẹ̀ fẹ́ gbọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó fi ọ̀rọ̀ líle dáhùn pé ti òun yóò le ju ti bàbá òun lọ.

Ẹ̀yà mẹ́wàá kẹ̀yìn sí i. Ìyàn kò mú, ọ̀tá kan kò sì gbógun wá láti òkè òkun. Ìdáhùn ẹnu kan ni ó fọ́ ìjọba náà sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun méjì níbẹ̀. Èkíní, nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ará ààfin nìkan ni ọba bi léèrè ọ̀rọ̀. Bíbélì kò sọ fún wa pé ó padà lọ bá ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí àjàgà náà wà lọ́rùn wọn láti béèrè ibi tí ó ti ń ta wọ́n. Èkejì, nígbà tí ọ̀rọ̀ dàrú tán, Ádórámù olórí àwọn tí ń fi ipá múni ṣiṣẹ́ ni ó rán sí wọn (ẹsẹ 18). Ẹni tí inú ń bí wọn sí jù lọ ni ó fi ṣe ìránṣẹ́! Wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa, ọba fúnra rẹ̀ sì sá àsálà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá yẹ kí ó ti ẹnu wa jáde, ẹ má ṣe jẹ́ kí a rán ẹlòmíràn, àgàgà ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti ń dá wọn lágara tẹ́lẹ̀.

2. Olórí tí ó dákẹ́

Bí ọ̀rọ̀ líle ti ń tú ilé ká, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdákẹ́jẹ́ ń ṣe. Arábìnrin kan tí mo mọ̀, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, ní ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú àwọn arúgbó. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ni ó ní. Ní oṣù kan, owó tí àwọn tí ó gbé iṣẹ́ fún un jẹ ẹ́ kò wọlé lásìkò, kò sì rí owó oṣù san ní ọjọ́ tí ó yẹ. Ojú tì í. Ó rò pé bí òun bá sọ òtítọ́ fún wọn, wọn kò ní bọ̀wọ̀ fún òun mọ́. Ó pa fóònù rẹ̀, kò sì yọjú sí ọ́fíìsì fún ọjọ́ mẹ́rin.

Kí ni àwọn òṣìṣẹ́ ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wí láàrin ara wọn pé ó ti kó owó àwọn lọ kọ́lé sí Ìbàdàn. Kí owó náà tó wọlé ní ọjọ́ kẹsàn-án, mẹ́fà nínú wọn ti rí iṣẹ́ síbòmíràn. Àwọn arúgbó jókòó de ẹni tí yóò wá wẹ̀ fún wọn ní òwúrọ̀, ẹnikẹ́ni kò dé. Kí ọdún náà tó parí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi pẹ̀lú omijé pé òun kò ní ilé kankan ní Ìbàdàn. Ìpàdé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ì bá gbà á là.

Ẹ wá wo àpẹẹrẹ rere kan tí kò jìnnà sí wa. Ní Rochdale, ní ọdún 1844, ènìyàn 28 tí àwọn ahunṣọ wà lára wọn dá £28 jọ, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Toad Lane ní 21 December ọdún náà. Bọ́tà, ṣúgà, fúláwà, ọkà ootù àti àbẹ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù a máa da ẹ̀tàn mọ́ oúnjẹ, àwọn tálákà kò sì gba oníṣòwò gbọ́. Àwọn wọ̀nyí pinnu pé ọjà tí kò ní àbùlà ni àwọn yóò máa tà, ìwọ̀n àwọn yóò sì pé. Ju ìyẹn lọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, ìbáà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ìbáà jẹ́ olówó púpọ̀ tàbí olówó díẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta wọ́n ń ṣe ìpàdé, a sì ń gbé ìṣirò owó ka iwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣí yàrá ìkàwé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè máa ka ìwé àti ìwé ìròyìn.

Lára irú iṣẹ́ wọn ni ohun tí àwa ń pè ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti tàn káàkiri ayé. Ní ọdún 1935 ni wọ́n ṣe òfin rẹ̀ fún Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ilé ṣọ́ọ̀bù Toad Lane ṣì wà níbẹ̀, ó ti di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ẹ lè fi tíráàmù gbé àwọn ọmọ yín lọ wò ó. Ẹ sọ fún wọn pé £28 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó mú un dúró ni pé kò sí ẹni tí ó ń fi ìṣirò pamọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀.

3. "Bẹ́ẹ̀ ni mà" kò túmọ̀ sí pé ó yé e

Kí ẹ má baà rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni mò ń bá wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí wọ́ọ̀dù, ọmọ Yorùbá kan tí kò tíì pẹ́ dé ìlú yìí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo ń rìn lọ, mo ń sọ̀rọ̀ lọ: bẹ́ẹ̀dì kẹta, bẹ́ẹ̀dì keje, ẹni tí a ó wẹ̀ fún, ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan nǹkan nítorí iṣẹ́ abẹ. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ó gbé tíì àti búrẹ́dì fún bàbá arúgbó tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n ní láti sún iṣẹ́ náà síwájú. Bàbá yìí ti ń retí rẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti wọkọ̀ láti Glasgow wá dúró tì í. Ó kọjú sí ògiri, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Mo kọ́kọ́ bá ọmọ náà wí gidigidi. Mo ní, "Ṣé o kò gbọ́ ohun tí mo wí ni?" Ó dorí kodò, ó ní, "Mo gbọ́ mà, ṣùgbọ́n kò yé mi tó. Mo rò pé bí mo bá tún bi yín, ẹ ó kà á sí àfojúdi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bí wọ́n ti tọ́ ọ nílé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ṣe tọ́ èmi. Ẹ̀bi náà di tèmi. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti béèrè mọ́ pé, "Ṣé ó yé ọ?" nítorí ìdáhùn kan ṣoṣo ni ọmọ tí a tọ́ dáadáa ní fún un. Ohun tí mo ń sọ ni pé, "Jọ̀wọ́, sọ bí o ti fẹ́ ṣe é fún mi." Bí ó bá ti ń sọ ọ́ ni èmi náà yóò mọ ibi tí mo ti sọ ọ́ kù.

4. Èdè wa àti èdè wọn

Ní Yorùbá, ọ̀wọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá wí pé, "Ẹ bá mi gbé e wá," "ẹ" wà níbẹ̀, "bá mi" sì ti mú un rọ̀. Bí a bá yí i sí èdè Gẹ̀ẹ́sì láìronú, méjèèjì a bọ́ sọnù, àṣẹ gbígbẹ ni yóò kù. Òṣìṣẹ́ òyìnbó tí ó gbọ́ ọ yóò rò pé ìgbéraga ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkàn wa mọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí "jọ̀wọ́" àti "o ṣeun" ti èdè wọn wọ́n wa lẹ́nu. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọmọ wa tí ó bá wolẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ń bá a sọ̀rọ̀, ọ̀wọ̀ ni ó fi ń ṣe. Ọ̀gá òyìnbó lè rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́.

Ohun tí a ó máa ṣe

(a) Kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ dé òpin kí a tó dáhùn, kí a sì bi ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ léèrè.
(b) Kí a fi ẹnu ara wa sọ ìròyìn tí kò dára, kí a sì tètè sọ ọ́, pàápàá bí ó bá kan owó.
(d) Kí a mú kí ẹni tí a rán níṣẹ́ tún un sọ fún wa.
(e) Kí a bá ènìyàn wí ní kọ̀rọ̀, kí a sì yìn ín ní gbangba.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Àwọn wo ni ì bá yẹ kí Rèhóbóámù bi léèrè kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé?
2. Ìròyìn wo ni ẹ ń fi pamọ́ fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, kí sì ni wọ́n ń rò nípa rẹ̀?
3. Nínú ilé wa ńkọ́? Ǹjẹ́ ọmọ wa lè sọ fún wa pé ohun tí a wí kò yé òun, kí ó má sì bẹ̀rù?

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí ń gbọ́ igbe àwọn tí a di ẹrù rù, fún wa ní etí tí ń gbọ́ àti ahọ́n tí ń tún nǹkan ṣe, ní ilé wa àti níbi iṣẹ́ wa, nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.