Eré Ìdárayá fún Ẹni Tí Kò Ráyè

Ẹ̀kọ́ Ìlera fún Ìdílé
Bíbélì kíkà: 1 Tímótì 4:7–8

Bí a bá béèrè àlàáfíà ara wa lẹ́yìn ìsìn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sábà máa ń jáde lẹ́nu wa: “A dúpẹ́, àmọ́ kò sáyè.” Òtítọ́ ni. Ẹlòmíràn nínú wa ń ṣe iṣẹ́ méjì. Bí ọkọ ti ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ni ìyàwó ń jáde lọ síbi tirẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ní kí ẹ máa ṣe eré ìdárayá, ẹ ó bi wá pé, “Ìgbà wo?” Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn.

Àwọn kan a máa fi ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù gbèjà ara wọn pé eré ìdárayá kò lérè. Ẹ tún ibẹ̀ kà. Pọ́ọ̀lù fi í wé ìwà-bí-Ọlọ́run, ó ní èrè rẹ̀ kéré. Kò ní kò lérè rárá. Ara yìí náà la sì fi ń sin Ọlọ́run.

Ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ Britain yìí, ó sì ń fa àrùn rọpárọsẹ̀. Kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Àwa tí à ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, nọ́ọ̀sì ni wá. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń wọn ìfúnpá ẹlòmíràn tí a kò wọn tiwa. Ọjọ́ tí a wọn ọ́n, ó ti ju 140 lórí 90 lọ, bẹ́ẹ̀ ni orí kò fọ́ wa, òòyì kò sì kọ́ wa. A ti rò pé dídúró ní wọ́ọ̀dù títí ilẹ̀ fi ń mọ́ ti tó fún eré ìdárayá. Kò tó.

Ẹ wo ẹ̀rí kan láti Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1953, Dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Awakọ̀ ń jókòó láti àárọ̀. Kọ́ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba owó ọkọ̀. Inú bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n wà, síbẹ̀ àrùn ọkàn ń mú awakọ̀ ju kọ́ńdọ́kítọ̀ lọ. Kọ́ńdọ́kítọ̀ kò wá àyè lọ sí pápá ìṣeré. Ẹnu iṣẹ́ ló wà tí ara rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ wa nìyí: ẹ má wulẹ̀ wá àyè tuntun, ẹ fi í sínú èyí tí ẹ ti ní.

Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Ìlànà tí àwọn ọ̀gá àgbà dókítà ilẹ̀ Britain gbé jáde ní 2019 ni pé kí àgbàlagbà máa fi 150 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí ṣe irú rẹ̀ lọ́sẹ̀. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ìrìn náà yá tó ni pé ẹ lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọrin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀:

Mọ́ńdè sí Fúráìdè: Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kí ó tó dé ibi iṣẹ́, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 10 rìn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ó di 100.

Ọjọ́ mẹ́ta nínú wọn: Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 rìn nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ó di 130.

Sátidé: Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí páàkì fún 20 ìṣẹ́jú. Ó pé 150.

Ìlànà náà tún ní kí a máa ṣe ohun tí yóò fún iṣan lókun ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ẹ dìde lórí àga, kí ẹ tún jókòó, nígbà mẹ́wàá, láìfi ọwọ́ ti nǹkan.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ alẹ́, ẹ má ṣe jí oorun yín fún ìrìn. Ẹ sùn ná. Kí ẹ rìn kí ẹ tó wọ iṣẹ́.

Ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu, tàbí tí ara rẹ̀ kò le, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má ṣe dá a dúró nítorí pé ó ń rìn; àwa náà ń lo tiwa. Bí àyà bá ń dun yín, ẹ dúró, ẹ pe 999. Ní England, ẹni tó ti lé ní 40 ọdún lè wọn ìfúnpá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé oògùn.

A ń ṣiṣẹ́ kí àwọn ọmọ lè kàwé, kí ilé tí a ń kọ́ sílé lè parí. Ẹ jẹ́ ká wà láàyè láti gbé inú rẹ̀. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.

Ìbéèrè fún ìdílé:
1. Ìgbà wo ni olúkúlùkù wa wọn ìfúnpá rẹ̀ kẹ́yìn?
2. Níbo nínú ọ̀nà iṣẹ́ wa la ti lè fi ẹsẹ̀ rìn?
3. Ta ni yóò máa rán wa létí?

Kí Olúwa fún wa ní ara líle láti sìn ín. Àmín.