Ẹ̀rọ Atẹ́gùn Òru àti Ojú Tó Ń Ta

Ẹni tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun, tó ń fi ẹ̀rọ atẹ́gùn sùn, lè jí kí ojú rẹ̀ pọ́n, kó máa ta á. Ẹ má torí ẹ̀ pa ẹ̀rọ tì o. Èémí á tún máa dúró. Atẹ́gùn ló ń jò lókè ìbòmú, tó ń fẹ́ sójú. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ tan ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ wá tún okùn ìbòmú so. Ẹ má so ó le jù. Ìyẹn náà a máa jẹ́ kó jò. Ẹ máa fi ọṣẹ fọ ìbòmú lójoojúmọ́, torí ọ̀rá ara kì í jẹ́ kó lẹ̀ dáadáa. Bí rọ́bà rẹ̀ bá gbó, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má kán omi ewé sójú. Tí ojú bá ń dùn yín, tàbí tẹ́ ẹ ò ríran dáadáa, ilé ìwòsàn yá.